Ẹgbẹ́ Olórin Adáṣe: Ẹ Yé Pè Wọ́n ní Olómìnira

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú ọkọ̀ tó gbé mi láti Ọjà Ọba lọ sí Òkè-Fíà ní Òṣogbo, atọ́kùn rédíò kan ń sọ̀rọ̀ nípa Fugazi ti Amẹ́ríkà. Ó pè wọ́n ní "ẹgbẹ́ olórin àpáta olómìnira", òun ló fi túmọ̀ ohun tí òyìnbó ń pè ní "indie rock band". Awakọ̀ yíjú sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé orí òkè Ìdànrè ni wọ́n ti ń kọrin ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orí mi gbóná.

Ti àpáta ò tilẹ̀ gba àlàyé. Rọ́ọ̀kì ni rọ́ọ̀kì ń jẹ́, bí jùjú ṣe ń jẹ́ jùjú lẹ́nu òyìnbó. Olómìnira gan-an ló ń bí mi nínú, nítorí ó fẹ́ jọ òótọ́.

Lọ́dọ̀ tiwa, ta ló ń gba òmìnira? Ọmọ iṣẹ́ ni. Ọ̀gá gbàdúrà fún un, wọ́n jẹ ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, fúrídọ̀mù parí. Tó bá di Mọ́ńdè, ọmọ náà lè wọ ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lọ, kó máa ṣe jọ́nímáànù. Ó ti gba òmìnira o, àmọ́ ẹ̀rọ olówó ló fi ń ránṣọ, olówó ló sì ń sọ iye tí oníbàárà máa san. Irú olórin bẹ́ẹ̀ pọ̀, òun kọ́ là ń wí.

Àwọn kan ní "aládàáni". Èyí tún burú jù. Sony, iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá, náà aládàáni ni, ìjọba kọ́ ló ni ín. "Adádúró" ńkọ́? Ó dùn létí, ṣùgbọ́n a ò sọ̀rọ̀ ìdúró, iṣẹ́ là ń sọ.

Adáṣe ni mo mú: ẹgbẹ́ tó ń dá iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, tó ń dá owó rẹ̀ ná, tó sì ń dá èrè tàbí gbèsè rẹ̀ gbé. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ Yorùbá ta kò mí. Ó ní, "Àdáṣe ní í hunni, àjọṣe kì í hunni." Mo ní kó tún ohùn gbé. Àdáṣe ni ìwà, adáṣe ni ẹni. Ẹni tí kì í gba ìmọ̀ràn ni òwe yẹn ń bá wí, kì í ṣe ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ṣòwò. Fugazi gan-an, mẹ́rin ni wọ́n, Ian MacKaye, Guy Picciotto, Joe Lally àti Brendan Canty, wọ́n sì jọ hun orin wọn ni. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, kò gbà.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ò le fún ọmọ ìlú aró. Ẹ wo aláró méjì. Èkínní ò ní ìkòkò: olówó ló ra ẹ̀lú, olówó ló dá ọjọ́ ọjà. Bí aró ò tilẹ̀ tíì kan, aṣọ gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dé ọjà, olówó ló sì ni aṣọ tó bá jáde. Èkejì ló ni ìkòkò rẹ̀. Bí aró ò bá mú bó ṣe fẹ́, á dà á nù, á po òmíràn. Ìyà rẹ̀ ni, èrè rẹ̀ ni. Ọ̀ṣun pàápàá, nígbà tí igi wó lu odò, ohun tó fi pariwo ni pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun.

Ìkòkò Fugazi ni Dischord, iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tí MacKaye àti Jeff Nelson dá sílẹ̀ ní Washington ní 1980. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá wá wọn wá, wọn ò lọ. Dọ́là 5 ni owó ìwọlé eré wọn sábà máa ń jẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣeré. Ní 1992, wọ́n lọ bá Steve Albini, agbohùnsílẹ̀ orin, ní Chicago, wọ́n gba odidi àwo kan sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n pa á tì. Wọ́n padà sí Inner Ear, ibi tí Don Zientara ti ń gba ohùn sílẹ̀ nígbà náà ní Arlington, Virginia, wọ́n tún un ṣe látòkèdélẹ̀. 1993 ló tó jáde. Ẹ bi olórin tó wà lábẹ́ olówó bóyá ó lè dán irú ẹ̀ wò.

(Àwo ni mo ń pè é. Inú álíbọ́ọ̀mù ni fọ́tò ìgbéyàwó ìyá mi wà. Ẹni tó bá ń wá ìyàtọ̀ àwo kékeré àti àwo ńlá, kó mú rúlà.)

Ẹni tó bá sì rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní adáṣe, kó rántí Hárúnà Ìṣọ̀lá, bàbá àpàlà, tó fi orin ki Òròkí Social Club wa ní 1971. Láti 1969 lòun àti I.K. Dairo ti jọ dá STAR Records sílẹ̀, tí olórin fúnra rẹ̀ fi di onílé rẹ́kọ́ọ̀dù. Aláró ni wọ́n, wọ́n lọ ra ìkòkò.

Mo ti ránṣẹ́ sí atọ́kùn náà. Ó ní òun máa lo adáṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àmọ́ òun ò ní fi àpáta sílẹ̀.