Mistaken Point

Mistaken Point jẹ́ ṣóńṣó ilẹ̀ kan létí òkun Àtìláńtíìkì, ní gúúsù ìlà-oòrùn erékùṣù Newfoundland, ní Kánádà. Bí kùrukùru bá bolẹ̀, àwọn atukọ̀ máa ń ṣì í mú fún Cape Race, ṣóńṣó ilẹ̀ mìíràn nítòsí. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ní 1967, Shiva Balakrishna Misra, akẹ́kọ̀ọ́ Memorial University, rí fọ́sìlì, ìyẹn àmì àwọn ẹ̀dá ayé àtijọ́, lára àpáta ibẹ̀. UNESCO kà á mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2016.

Àwọn ẹ̀dá náà

Nígbà tí àwọn ẹ̀dá inú fọ́sìlì yìí wà láàyè, ìsàlẹ̀ ibú òkun ni àpáta yìí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í dé. Nítorí náà wọn kò lè jẹ́ ewéko, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ rí bí imọ̀ ọ̀pẹ. Lára Charnia, ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jọ odidi, ẹ̀ka tó yọ lára ẹ̀ka sì tún jọ ọ́. A kò rí ẹnu tàbí ìfun lára wọn. Ó jọ pé awọ ara ni wọ́n fi ń gba oúnjẹ. Fractofusus, ẹ̀dá mìíràn níbẹ̀, ní tirẹ̀ kì í nàró: ó sùn gbalaja, orí rẹ̀ méjèèjì sì rí ṣóńṣó.

Eérú tó bò wọ́n

Eérú òkè ayọnáyèéfín ló bo wọn mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n wà gan-an. Ìyẹn ló jẹ́ kí a lè ka iye wọn, kí a sì wọn àlàfo tó wà láàárín wọn. Inú eérú yìí kan náà ni ọjọ́ orí wọn wà. Nígbà tí hóró zircon, òkúta wínníwínní inú eérú náà, bá ń dì, ó ń gba uranium mọ́ra, ó sì ń kọ òjé. Òjé tí a bá bá nínú rẹ̀ lónìí, uranium ló yí padà díẹ̀díẹ̀ di òjé náà. Bí hóró bá sán, òjé á jò dànù, ọjọ́ orí á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń yan án ní nǹkan bíi 900°C, kí wọ́n tó fi ásíìdì jẹ apá tó bàjẹ́ kúrò. Pèpele tó lókìkí jù níbẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 565 ọdún.

Ẹni tó bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án gangan lè má rí nǹkan kan. Ìgbà tí oòrùn bá rọlẹ̀ ni òjìji ń fa ìlà wọn yọ. Ilẹ̀ sì ti fún àpáta náà pọ̀, tí àmì ẹ̀dá tó ṣeé ṣe kó rí roboto bí àwo tẹ́lẹ̀ fi di gígùn. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ tún ìwọ̀n ṣe á pe ẹ̀dá kan ṣoṣo ní méjì.

Ọ́síjìn

Yìnyín Gaskiers, ìgbà òtútù líle kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 580 ọdún sẹ́yìn, ṣáájú àwọn ẹ̀dá yìí. Ní 2007, Donald Canfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn irin inú àpáta náà, nítorí irú irin tó wà níbẹ̀ máa ń fi hàn bóyá ọ́síjìn wà nínú omi. Wọ́n ní ọ́síjìn dé ibú náà lẹ́yìn yìnyín. Ṣùgbọ́n irin ibì kan ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ti gbogbo òkun.