Kí ló dé tí oká ò fi sá nígbà tó rí mi?

Sátidé tó kọjá mo wà lóko kòkó bàbá mi lẹ́yìn Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n he kòkó kan tó já bọ́, mo ti nawọ́ tán kí n tó rí i pé ewé gbígbẹ kan ń wò mí. Oká ni o! Mo rọra fà sẹ́yìn, mo ya fọ́tò ẹ̀ láti òkèèrè, mo gbé e sórí státọ́ọ̀sì, látìgbà náà fóònù mi ò sinmi mọ́. Àwọn ìbéèrè yín ni mo kó jọ yìí.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sún mọ́ ọn tó yẹn, kí ló dé tí ò sá, tí ò sì ṣán yín?

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Oká ò gbára lé eré, aṣọ tó wọ̀ ló gbára lé. Ẹ wo fọ́tò yẹn dáadáa, ibì kan lára ẹ̀ dà bí ewé kòkó tó gbẹ, ibì kan bí eérú, ibì kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú, orí ẹ̀ sì fẹ̀ bí ewé, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wá gba àárín orí yẹn kọjá bí iṣan ewé gẹ́lẹ́. Ta ló máa rí i? Ejò yìí lè wúwo ju kílò 8 lọ, eyín ẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kò sí ejò kankan láyé tí eyín ẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó wúwo báyẹn ò lè máa sáré kiri, ńṣe ló máa ń dùbúlẹ̀ síbì kan de òkété tó ń kọjá lọ. Tó bá wá rí ẹ tó sì sá, ó ti fi ara ẹ̀ hàn nìyẹn, ó tún ti ba ibùba ẹ̀ jẹ́.

Ti oró ńkọ́? Oúnjẹ ló ń fi oró wá. Kò lè gbé èmi àti ìwọ mì, kí ló fẹ́ fi oró ṣòfò lé wa lórí fún? Ìgbà tó bá rí i pé o fẹ́ tẹ òun lọ́rọ̀ yí padà, àmọ́ ó ṣì sábà máa ń kìlọ̀ kó tó ṣán èèyàn, á fẹ orí ẹ̀, á máa mí fùùù bíi táyà tó ń jò. Paramọ́lẹ̀ náà, ìwà kan náà ni, ẹ ṣáà gbọ́ orúkọ ẹ̀, ó pa ara mọ́lẹ̀. Àwọn bàbá wa ti mọ̀ ọ́n kí kámẹ́rà tó dé.

Ṣé ejò ń gbọ́ràn ni? Mo pariwo mọ́ ọ̀kan títí, kò mira.

Kò ní etí níta, àmọ́ egungun àgbọ̀n ẹ̀ ń gba ìró tó bá gba ilẹ̀ wá. Lọ́dún 2023 àwọn kan ní Ọsirélíà tún fi ìdánwò hàn pé wọ́n ń gbọ́ tinú afẹ́fẹ́ náà. Nítorí náà máa fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, fi igi gbá koríko níwájú, ọ̀pọ̀ ejò á ti lọ kó o tó dé. Oká ṣá ò ní lọ, ojú ẹ lo máa fi wá a.

Ìyá wa lọ́jà Ìjerò ní ahọ́n yẹn ló fi ń tani.

Ẹ má bá mi bá màmá jà o, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òórùn ló ń fi ahọ́n kó nínú afẹ́fẹ́, á kó o lọ sí ihò kan lókè ẹnu ẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń mọ ohun tó wà nítòsí. Ìdí tó fi là sí méjì ni pé ó ń fi mọ̀ bóyá apá ọ̀tún ni òórùn náà ti ń wá tàbí òsì.

Kí ló dé tẹ́ ẹ ò pa á?

Bàbá mi náà bi mí, inú bí wọn gan-an ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà, tí oká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀lé e, tí òjòlá ń wọ́ ruru bọ̀ lẹ́yìn, ta ló máa dúró? Ẹyọ kan ló máa ń bá wa pàdé, la bá fi àdá gbà á. Bẹ́ẹ̀ eku ló ń jẹ, eku tó ń jẹ ìrẹsì lóko ní Ìgbẹmọ, irú eku kan sì wà tí ibà Lásà ti ara ẹ̀ ń ran èèyàn, Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀ ò sì jìnnà sí wa. Èmi ò ní kẹ́ ẹ mú ejò sínú pálọ̀ o, tó bá wọlé ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n mú.

Tó bá wá ṣánni ńkọ́?

Má sín gbẹ́rẹ́, má fi okùn dì í pinpin, má fẹnu fà á, òkúta dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú ẹ̀ yẹn ò fa oró kankan. Bọ́ òrùka àti aago torí ó máa wú, fi igi di ẹsẹ̀ náà bíi tẹni tó kán lẹ́sẹ̀, kí wọ́n gbé ẹ lọ ọsibítù tó ní abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò kíá. Tó bá jẹ́ sèbé ló tutọ́ sójú, omi ni, omi púpọ̀, lẹ́yìn náà ọsibítù.

Èmi fẹ́ rí ejò kí n kàn wò ó, níbo?

Ọ̀rẹ́ mi nìyẹn! Gba ọ̀nà Àríntà, ibi tí omi ti ń já wálẹ̀ látorí òkè ní Ìpólé-Ìlórò, láàárọ̀ tí oòrùn bá yọ lẹ́yìn òjò, wọ bùútù, má fọwọ́ sábẹ́ òkúta tó ò rí inú ẹ̀. O lè ṣe kòǹgẹ́ òjòlá kékeré tó máa ń ká ara ẹ̀ jọ bíi bọ́ọ̀lù, tó fi orí pamọ́ sí àárín. Tí ojú ejò bá funfun rànyìn-rànyìn, kò fọ́jú, ó fẹ́ bọ́ awọ ni. Fi ìgbésẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin sílẹ̀, kó o wò ó.

Ṣé oká yẹn ṣì wà níbẹ̀?

Mo padà lọ wò ó ní Mọ́ńdè, àdá wà lọ́wọ́ bàbá mi lẹ́yìn mi. Ó ti lọ. Ibi tó ká sí nìkan ló kù, ewé ibẹ̀ tẹ́ rọ́bọ́tọ́ bíi pé ẹnì kan gbé igbá lé e.