Ọjọ́ tí wọ́n ra bàálù ni wọ́n ti yan ẹni tí yóò tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe

Bí ìwé ìròyìn bá gbé e pé ìjọba gbé iṣẹ́ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì bàálù ogun fún iléeṣẹ́ kan ṣoṣo, láìpe ẹlòmíràn wá du iṣẹ́ náà, ẹjọ́ kì í pẹ́ dá. Ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ọ̀yẹ́, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ: wọ́n ti pín owó náà láàárín ara wọn. Ìfura yẹn nídìí, nítorí ohun tí ojú aráàlú ti rí lórí ọ̀rọ̀ kọ́ńtíráàtì kò kéré. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ síwèé àtúnṣe, kò sí nǹkan tí ẹnikẹ́ni tún ń yàn mọ́. Wọ́n ti yàn án láti ìgbà pípẹ́ sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí wọ́n ra bàálù tí wọn ò ra ìwé rẹ̀ mọ́ ọn.

Ìwé yìí kì í ṣe èyí tí awakọ̀ òfurufú ń kà kó tó gbéra. Àwòrán ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ dé ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì, irú irin tí wọ́n fi rọ ọ́, bí iná tí wọ́n fi sè é ṣe gbóná tó, àti ibi tó lè jẹ dé kí wọ́n tó jù ú nù. Iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì ló ni ìwé náà. Ìjọba lè ra bàálù tán, kó kun àwọ̀ àsíá orílẹ̀-èdè sí i nídìí, síbẹ̀ kí ìmọ̀ tí wọ́n fi ń tún un ṣe má jẹ́ tirẹ̀.

Mẹkáníìkì Adó lè tú ẹ́ńjìnnì Toyota kó sì tò ó padà láìbi Toyota léèrè. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú títì lọ súà, ìmọ̀ rẹ̀ ti fọ́n káàkiri, páàtì rẹ̀ sì wà ní Ládípọ̀ l'Ékòó, àti tuntun àti tòkunbọ̀. Bí kò bá rí ojúlówó, á wá èyí tó jọ ọ́ fi dí i. Bó bá ṣì í ṣe, ọkọ̀ á kú sẹ́bàá ọ̀nà Ìgèdè, onímọ́tò á bọ́ sílẹ̀, á pè é lórí fóònù, á sì sọ̀rọ̀ sí i dáadáa. Òfurufú kò ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ní 26 Oṣù Kẹsàn-án 1992, bàálù C-130 ti Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú wa gbéra l'Ékòó, àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọṣẹ́, ó sì já sí Èjìgbò. Ó lé ní 150 ènìyàn tó bá a lọ, ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ fi páàtì tó jọ ọ́ dí i. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ tuntun tó bá fẹ́ ṣe páàtì tí bàálù lè tìtorí rẹ̀ já gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé tòun kò yàtọ̀ sí ti ẹni àkọ́kọ́. Báwo ló ṣe fẹ́ fi í hàn nígbà tí àwòrán ẹni àkọ́kọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọn kan máa ń ra páàtì náà, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á gé e wò, wọ́n á máa dán tiwọn wò títí yóò fi jọ. Ọdún lè gorí ọdún lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàálù tó wà nílẹ̀ kò lè dúró dè wọ́n.

Òfin mọ̀ pé irú èyí yóò ṣẹlẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ti 1984 ní kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ wá du iṣẹ́, àmọ́ ọ̀nà méje ló fi sílẹ̀ tí wọ́n lè gbà yẹ̀ ẹ́, ọ̀kan nínú wọn sì ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè ṣe iṣẹ́ náà. Tiwa, òfin ríra nǹkan fún ìjọba ti 2007, sọ irú rẹ̀ ní Abala 42, ó sì ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí aráàlú dì mú. Kọ́ńgílá tó lè da ọ̀dà sí títì láti Adó dé Ìyìn kì í ṣe ẹyọ kan. Bí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ títì bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan láìjẹ́ kí ẹlòmíràn dù ú, kí aráàlú pariwo dáadáa. Ti ẹ́ńjìnnì kò rí bẹ́ẹ̀, ariwo tirẹ̀ ní ibòmíràn tó yẹ kó lọ.

Ibẹ̀ ni yàrá tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọgbọ́n iṣẹ́ yìí àti ewu rẹ̀ ti pàdé. Ẹ́ńjìnnì á dé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: wákàtí tó ti fò, àti iye ìgbà tí wọ́n ti tan án tí wọ́n sì pa á. Fún àwọn páàtì kan, iye ìgbà yìí ṣe pàtàkì ju wákàtí lọ, nítorí gbígbóná àti títutù léraléra ló ń jẹ́ kí àárẹ̀ mú irin. Àwo irin tí wọ́n to abẹ̀bẹ̀, ìyẹn àwọn ewé irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, sí létí ní iye ìgbà tí wọ́n kọ mọ́ ọn. Ọjọ́ tó bá pé, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, bó tilẹ̀ ń dán bíi tuntun.

Wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì fọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ri í sínú omi aláró kan tó ń wọ inú ojú sísán tí ojú ènìyàn kò lè rí. Wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á pa iná yàrá, wọ́n á wá tan iná àrà ọ̀tọ̀ kan sí i, ibi tó bá ti sán á sì máa tàn yòò bí òwú tín-ín-rín nínú òkùnkùn. Abẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́nu iná ló yani lẹ́nu jù. Nínú ẹ́ńjìnnì bàálù ogun òde òní, afẹ́fẹ́ tó ń gba ara rẹ̀ kọjá gbóná ju ibi tí irin rẹ̀ ti ń yọ́ lọ. Ohun tí kò jẹ́ kó yọ́ ni àwọn ihò kéékèèké tí wọ́n lu sí i lára, tí afẹ́fẹ́ tó tutù díẹ̀ ń gbà jáde bò ó. Bí ihò mélòó kan bá dí, abẹ̀bẹ̀ náà ti ń kú lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹ̀wò, òkìtì mẹ́ta ló máa ń kù: èyí tó dára, èyí tó ṣeé tún ṣe, àti èyí tó ti kọjá àtúnṣe. Láàárín òkìtì kejì sí ìkẹta ni owó ti ń sá lọ. Kò sí ẹni tó mọ bí òkìtì náà yóò ṣe tóbi tó kí wọ́n tó tú u, nítorí náà kọ́ńtíráàtì máa ń pín owó sí méjì. Iye kan wà tó dúró sójú kan fún iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣaláìṣe, iye mìíràn sì wà tí wọ́n á fi kún un lórí ohun tí wọ́n bá bá nínú. Ẹni tó sì ń sọ pé abẹ̀bẹ̀ yìí ti kọjá àtúnṣe náà ni yóò ta tuntun.

Ọ̀nà tí Amẹ́ríkà gbà dáhùn sí èyí jẹ́ ti ọlọ́gbọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ààbò wà tó jẹ́ pé inú ọgbà kọ́ńgílá gan-an ni iṣẹ́ wọn. Láti 1962 ni òfin sì ti ní kí kọ́ńgílá tí kò ní olùdíje ṣí ìwé ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó dúnàádúrà, kó fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni, bí kò bá sì jẹ́ òótọ́, ìjọba lè gba owó rẹ̀ padà. Nígbà tí kò sí ẹlòmíràn lọ́jà tí ẹni ń rajà lè fi wé e, ìwé owó olójà ló kù.

Àmọ́ òfin náà ní ààlà: ọjà tí owó rẹ̀ bá wà lábẹ́ iye kan kò sí lábẹ́ rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní 2019, ọ̀gá àgbà tó ń ṣàyẹ̀wò ní iléeṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà yẹ páàtì 47 wò lára àwọn tí wọ́n rà lọ́wọ́ TransDigm, iléeṣẹ́ kan tó ń ta páàtì bàálù, ó sì rí i pé èrè orí 46 nínú wọn ti pọ̀ jù. TransDigm dá dọ́là mílíọ̀nù 16.1 padà.

Amẹ́ríkà tún gbìyànjú láti má jẹ́ kó dé ibi tí ẹnì kan ṣoṣo yóò kù lọ́jà rárá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì F100 ti Pratt & Whitney ń yọ ọmọ ogun òfurufú wọn lẹ́nu, wọ́n fi owó ran General Electric lọ́wọ́ láti ṣe òmíràn tó lè wọ bàálù ogun F-16. Ní 1984 wọ́n pín ẹ́ńjìnnì 160: General Electric gba 120, Pratt & Whitney gba 40. Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń tọ́jú oníbàárà. Fún bàálù ogun F-35, wọ́n bẹ̀rẹ̀ bákan náà, wọ́n ná nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là mẹ́ta sórí ẹ́ńjìnnì kejì, wọ́n sì pa á tì ní 2011. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló kù fún F-35 báyìí. Ohun tó dín ewu rẹ̀ kù díẹ̀ ni òfin mìíràn tí kò jẹ́ kí ju ìdajì owó àtúnṣe ńlá lọ sọ́wọ́ kọ́ńgílá, kí òye iṣẹ́ má baà tán lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra wọn ní ibùdó bíi Tinker ní Oklahoma.

Ní ti Nàìjíríà, Abala 15 nínú òfin 2007 yọ àkànṣe ọjà àti iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ààbò orílẹ̀-èdè kúrò lábẹ́ òfin náà, àyàfi bí Ààrẹ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé ìdí tí wọ́n fi yan ẹnì kan ṣoṣo, tí Abala 42 ní kí wọ́n kọ sílẹ̀, lè má di kíkọ rárá. Ibi tí bàálù yóò ti jà jẹ́ àṣírí lóòótọ́. Iye tí wọ́n fi pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀ kì í ṣe àṣírí tí ọ̀tá lè fi borí ẹnikẹ́ni, ó sì yẹ kí ẹnì kan tí kì í ṣe ológun rí i.

Tiwa tún díjú ju tiwọn lọ, nítorí a kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Bàálù ogun JF-17 mẹ́ta tó dé ní 2021, Pakistan ló tò wọ́n, òun àti Ṣáínà ló jọ ni iṣẹ́ náà, ẹ́ńjìnnì RD-93 inú rẹ̀ sì wá láti Rọ́ṣíà. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bóòtù. Ní 2024, Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú sọ pé òun ń retí bàálù M-346 mẹ́rìnlélógún láti Ítálì. Ẹ́ńjìnnì méjì méjì ló wà lára wọn, F124 ti Honeywell, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ìwé ríra wọn ló yẹ kí àwọn aṣòfin wa béèrè láti rí nísinsìnyí, pàápàá ojú ewé tó sọ bóyá àwòrán ẹ́ńjìnnì náà wà lára ohun tí a sanwó fún, àti iye onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Nàìjíríà, bí irú àwọn tó ń jáde ní Ọ̀yẹ́ àti ní Pólì Adó, tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú u.