Ọdún Márùn-ún, Sáà Mẹ́rin: Bí Linebacker Ṣe Ń Lo Ìgbà Rẹ̀ ní Yunifásítì Amẹ́ríkà

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sá. Èèyàn mọ́kànlá ló ń ṣojú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí pápá, ikọ̀ tí bọ́ọ̀lù bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti fi rin yáàdì mẹ́wàá síwájú. Linebacker wà lára àwọn tó ń dí wọn lọ́nà. Àwọn fìrìgbọ̀n tó ń fi àyà ko àyà wà níwájú rẹ̀, àwọn tó ń sáré ṣọ́ ọ̀nà jíjìn wà lẹ́yìn rẹ̀, òun wà láàárín. Bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù sá, kó gbé ẹni náà ṣánlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ja gídígbò. Bí wọ́n bá jù ú, kó sá padà sẹ́yìn lọ dí àlàfo.

Iṣẹ́ ojú ni kó tó di iṣẹ́ agbára. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀, linebacker á ti dúró ní nǹkan bíi yáàdì mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìlà tí bọ́ọ̀lù wà, á tẹ orúnkún díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ní sí lára ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù. Guard ló máa ń wò, ìyẹn géńdé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni àárín nínú ìlà àwọn alátakò. Bí guard bá tẹrí mọ́lẹ̀ tó já lu iwájú, wọ́n fẹ́ gbé e sá nìyẹn. Bó bá nàró tó ń fà sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ jù ú. Bó bá yà gba ẹ̀gbẹ́ lọ, kí linebacker tètè gbá tẹ̀ lé e, torí ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń lọ. Ẹni tó bá ṣi guard kà ti pẹ́ jù, ibi tó yẹ kó dí ti ṣófo.

Èyí tó dúró láàárín ni wọ́n ń pè ní Mike, òun ló sì máa ń pariwo ètò fún àwọn yòókù. Láti ọdún 2024, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ti gbà kí ẹnì kan níhà kọ̀ọ̀kan máa gbọ́ ohùn akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú àṣíborí rẹ̀ ní ìpele tó ga jù. Bí aago tí wọ́n ń kà kí ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀ bá ti ku ìṣẹ́jú-àáyá 15, ohùn náà á dákẹ́. Ó ku Mike àti ojú rẹ̀.

Ojú bẹ́ẹ̀ kì í là lọ́jọ́ kan, ìdí nìyẹn tí òǹkà ọdún fi ṣe pàtàkì. Òfin tí NCAA ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún márùn-ún láti fi gbá bọ́ọ̀lù sáà mẹ́rin. Ọdún tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pè ní redshirt. Lọ́dún náà, akẹ́kọ̀ọ́ lè máa bá ikọ̀ ṣe ìgbáradì, kó máa gbé irin, kó máa wo fídíò eré, síbẹ̀ kí wọ́n má ka sáà náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọdún 2018, ó tilẹ̀ lè kópa nínú eré mẹ́rin láìpàdánù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé ìjìyà ni. Àǹfààní gidi ni, torí ọmọ ọdún 18 tó bá kó sáàárín àwọn ẹni ọdún 22 lè fara pa yánnayànna.

Azeez Ojulari jẹ́ àpẹẹrẹ tó yé Yorùbá láti orí orúkọ. Iṣan orúnkún rẹ̀ já ní ọdún tó lò kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Marietta. Nígbà tó dé Yunifásítì Georgia ní 2018, redshirt ni wọ́n fún un. Ní 2019 ló tó bọ́ sí ojú pápá dáadáa, outside linebacker, ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé lọ lé quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù.

Kì í ṣe eré nìkan ni wọ́n ń kà. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin fi sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù nígbà sáà, ẹni tí kò bá sì yege nínú ẹ̀kọ́ kò ní gbá a. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ṣí lọ sí yunifásítì mìíràn á fi ọdún kan jókòó. Ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Láti oṣù keje 2021 ni wọ́n ti lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn, láti 2025 sì ni yunifásítì fúnra rẹ̀ ti lè san owó fún wọn. Ó tọ́ sí wọn, ara wọn ni wọ́n ń ná.

Kí èèyàn tó lè wọ ìpín NFL, níbi tí àwọn ikọ̀ líìgì tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí fún owó oṣù ti ń pe àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún mẹ́ta tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Nínú ọgọ́rùn-ún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì, àwọn tó ń débẹ̀ kò tó méjì.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2021, Georgia bá Cincinnati pàdé nínú Peach Bowl ní Atlanta. Georgia fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé láti yáàdì 53 nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, 22 sí 21. Desmond Ridder, quarterback Cincinnati, fà sẹ́yìn láti ju tiẹ̀, Ojulari sì gbé e ṣánlẹ̀ ní òpin pápá tí àwọn Cincinnati ń ṣọ́. Àmì méjì ni ìyẹn fún Georgia. Ó di 24 sí 21, eré parí. Ìgbà tó wọ aṣọ Georgia kẹ́yìn nìyẹn. Lóṣù kẹrin, ìròyìn gbòde pé àwọn ikọ̀ NFL ṣì ń bẹ̀rù orúnkún náà. Àwọn 49 ni wọ́n pè kó tó kàn án, kí New York Giants tó mú un.