Sítíkà lára akoto: kí ni alábàárò ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́?

Ìròyìn pé àwọn ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé àti ìwakùsà ń lẹ sítíkà mọ́ akoto àwọn òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní alábàárò, pé kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú lọ bá wọn, ti rú ọ̀pọ̀ òǹkàwé lójú. Àwọn ìbéèrè tó wọlé nìyí.

Ṣé wọ́n ti sọ bíríkìlà di dókítà ni?
Rárá. Alábàárò kì í yẹ àìsàn wò, kì í júwe oògùn. Ó ń ṣàkíyèsí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń tẹ́tí sí i, ó sì ń fà á lé ẹni tó mọṣẹ́ lọ́wọ́. Bó bá di pé òun nìkan ló ń tọ́jú ẹnì kan láti oṣù dé oṣù, ètò náà ti yẹ̀.

Ibo ló ti wá?
Èyí tó gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ ìkọ́lé ni MATES in Construction, tó bẹ̀rẹ̀ ní Queensland, ní Ọsirélíà, ní 2008. Gbogbo òṣìṣẹ́ a gba ẹ̀kọ́ ráńpẹ́, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn a gba ti wákàtí díẹ̀, àwọn kéréje a sì fi ọjọ́ méjì kọ́ bí a ṣe ń dúró ti ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀.

Ṣé fóòmán lè ṣe é?
Ẹni tó ń kọ orúkọ àwọn tí iṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ wọn, ta ló fẹ́ finú hàn án?

Kí ni wọ́n ń ṣọ́?
Ẹkún kọ́. Ẹni tí kì í pẹ́ tó wá ń pẹ́, ẹni tó gun òkè láìso bẹ́líìtì ààbò, ẹni tó ń pín irinṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fara pa ni kí ẹ ṣọ́ jù. Ìrora kò jẹ́ kó sùn, owó àfikún wákàtí ti dá, oògùn ìrora ọ̀sẹ̀ kan ti wọ oṣù kẹta, ó sì ń fi ọtí lé e. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é.

Bí a bá bi í tààrà bóyá ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ṣé a ò ní fi èrò náà sí i lórí?
Rárá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti sọ pé àṣìrò ni. Bí a ṣe ń béèrè ló ń bà á jẹ́. "O ò kúkú lè ronú irú ìyẹn, àbí?" ti fi "rárá" sí i lẹ́nu. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe lórí àkàbà, kì í ṣe nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ lọ sílé. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ wá béèrè: "Ṣé o ti ń rò ó láti pa ara rẹ?" Kí ẹ sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló nira. Ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó fi àdúrà tàbí ẹ̀fẹ̀ dí i. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í bóyá ó ti mọ ọ̀nà tó máa gbà, ìgbà tó máa ṣe é, àti bóyá ohun tó máa lò wà nítòsí. Bó bá ti ní èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ tàbí ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, kí ẹ jókòó tì í títí wọ́n á fi gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ewu kò bá tíì dé ojú ẹ̀, kíkọ nọ́ńbà onímọ̀ sórí bébà fún un kò tó. Ẹ jọ pè é ni.

Lẹ́yìn jàǹbá, ṣé ká kó gbogbo wọn jọ kí wọ́n ròyìn ohun tí ojú wọn rí?
Ẹ má ṣe é. WHO ti ní kí a má lò ó. Omi, ìsinmi, ìpè sílé, àti ẹni tó máa bá wọn délé ló kàn. Nínú TRiM, ètò tí àwọn ẹlẹgbẹ́ fi ń ṣàyẹ̀wò ara wọn lẹ́yìn jàǹbá, tó ti ọ̀dọ̀ àwọn Royal Marines, ọmọ ogun ojú omi ti Britain, wá, wọ́n ń yẹ oníkálukú wò ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò ní nǹkan bí oṣù kan. Ẹni tí kò tíì rí oorun sùn nígbà náà yẹ kó rí onímọ̀.

Ṣé ọ̀gá ò ní gbọ́?
Kò yẹ kó gbọ́, àfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, alábàárò gidi á sì ti sọ ìyẹn kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Iye èèyàn tó wá nìkan ló yẹ kó wọ ìwé, láìsí orúkọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ buwọ́ lùwé kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n ẹni tó máa kà á.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù?
Ilé-iṣẹ́ tó ń fi wákàtí kún iṣẹ́, tó sì ń fi sítíkà kún akoto. Ìlànà tí WHO gbé jáde ní 2022 ní kí wọ́n tún ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe pẹ̀lú. Ẹ béèrè: ta ló wà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru? Ta ni alábàárò fúnra rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé wọ́n ń sanwó wákàtí tó fi jókòó ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Bí wọn ò bá san án, aago ni yóò máa wò.