Tẹlifíṣọ̀n Ńlá fún Pálọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ohun Tí Ara Páálí Ń Sọ

Ẹni tó bá wọ ọjà Alábà ní Ọ̀jọ́, tàbí àwọn ṣọ́ọ̀bù ohun èlò iná ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, láti ra tẹlifíṣọ̀n ńlá yóò rí i pé àwọn tí wọ́n tò sára ògiri jọra bí ìbejì, àmọ́ iye owó wọn jìnnà síra. Méjì tí wọ́n jẹ́ ínǹṣì 65 lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí owó ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ẹbí àti aládùúgbò mi máa ń bi mí, mo sì fẹ́ dáhùn wọn dáadáa, nítorí ó máa ń dùn mí bí ẹni tó fi oṣù púpọ̀ tọ́jú owó bá lọ ra ohun tí kò bá ilé rẹ̀ mu. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹni tó ń ra tẹlifíṣọ̀n ń fowó rà. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà.

Ìbéèrè: Kí ni ínǹṣì 65 yìí ń wọ̀n gan-an? Ṣé fífẹ̀ rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìdábùú ni, láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ojú tó ń mú àwòrán jáde nìkan ni wọ́n sì ń wọ̀n, wọn kì í ka férémù tó yí i ká mọ́ ọn. Ínǹṣì 55 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 122, ó sì ga tó 68; ínǹṣì 65 fẹ̀ tó 144, ó ga tó 81; ínǹṣì 75 fẹ̀ tó 166, ó ga tó 93. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fura sí ni pé bí a bá kúrò lórí 55 bọ́ sórí 75, gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Kí n tó ra tèmi, mo lẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ mọ́ra wọn, mo gé e sí sẹ̀ǹtímítà 144 ní fífẹ̀ àti 81 ní gíga, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì ni ìyàwó mi ṣàkíyèsí pé etí rẹ̀ kan dé ibi tí ìlẹ̀kùn yàrá máa ń ṣí dé, àti pé ọmọ tó bá fi agbára ṣí ìlẹ̀kùn náà yóò gbá a. A sún un sí apá òsì kí a tó lu ihò kankan sára ògiri.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó tóbi jù tàbí tó kéré jù fún mi?

Ìdáhùn: Ibi tí àga yín wà ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má wo bí pálọ̀ ṣe tóbi tó. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé kí ọ̀nà tó wà láàárín ojú yín àti tẹlifíṣọ̀n má dín ní ìdábùú rẹ̀ lọ́nà 1.2, kó má sì ju ìdábùú náà lọ́nà 1.6 lọ. Fún ínǹṣì 55, ìyẹn jẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ààbọ̀ sí 7; fún 65, bí 6 àti ààbọ̀ sí 9; fún 75, bí 7 àti ààbọ̀ sí 10. Ẹni tí àga rẹ̀ jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 12 lè ra èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ láìbẹ̀rù, ṣùgbọ́n nínú yàrá kan àti pálọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹni ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì tẹlifíṣọ̀n, ínǹṣì 75 yóò mú kí ẹ máa yí orí kiri bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ pápá.

Gíga tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti gbé e kọ́ sí òkè nítòsí àjà, níbi tí a máa ń gbé fọ́tò bàbá àgbà kọ́ sí. Bí ẹ bá jókòó, àárín tẹlifíṣọ̀n tàbí ibi tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i ló yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú ojú yín, nítorí ọrùn tó ń wòkè fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú yóò sọ fún ẹni tó ni ín.

Ìbéèrè: Gbogbo ènìyàn ń pè é ní plasma. Ṣé plasma náà ni mò ń rà?

Ìdáhùn: Kì í ṣe òun. Plasma jẹ́ irú tẹlifíṣọ̀n kan pàtó tó ń lo afẹ́fẹ́ tí wọ́n sé mọ́ inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ láti tan ìmọ́lẹ̀. Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é ní 1964. Nígbà tí 2014 fi máa parí, Panasonic, Samsung àti LG ti jáwọ́ nínú ṣíṣe é. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù lẹ́nu wa, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pe gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ní Omo. Bí ọlọ́jà bá sọ pé plasma ni, ẹ bi í pé irú wo ni inú páálí gan-an.

Ìbéèrè: Kí wá ni ìyàtọ̀ LED, QLED, Mini-LED àti OLED?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ owó ń gbà lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n kọ LED sí lára ní apá méjì: iwájú rẹ̀ ni gíláàsì LCD wà, èyí tí kò lè tan ìmọ́lẹ̀ kankan fúnra rẹ̀, ẹ̀yìn tàbí etí rẹ̀ sì ni àwọn gílóòbù kéékèèké tó ń jẹ́ LED wà. Iṣẹ́ gíláàsì iwájú ni láti ṣí kí ìmọ́lẹ̀ kọjá tàbí láti pa dé kó má kọjá, bí wíńdò louvre onípákó ilé àtijọ́ ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá ti gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ pé bó ti wù kí a ti wíńdò náà tó ní ọ̀sán gangan, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yóò ṣì máa yọ́ wọlé láàárín pákó méjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n LED olówó pọ́ọ́kú nìyẹn: òkùnkùn inú fíìmù kì í dúdú, ńṣe ló máa ń rí bí eérú, aṣọ dúdú tí òṣèré wọ̀ àti òru tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì di ohun kan náà.

QLED kò kúrò nínú agbo LED yìí. Ohun tí wọ́n fi kún un ni àwọn ẹ̀rún tó kéré dé ibi tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní quantum dot, tó ń mú kí àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé jáde láìlábàwọ́n. Iṣẹ́ ìmọ̀ gidi ni; lórí rẹ̀ ni wọ́n fún Bawendi, Brus àti Ekimov ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2023. Ṣùgbọ́n gílóòbù ṣì wà lẹ́yìn, wíńdò ṣì wà níwájú. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ya QLED sọ́tọ̀ sí OLED, mo sì ti rí ẹni tó san owó ọ̀kan tó gbà pé èkejì ni òun gbé lọ sílé.

Mini-LED ni èyí tí wọ́n ti sọ àwọn gílóòbù ẹ̀yìn di kékeré gan-an, tí wọ́n pọ̀, tí wọ́n sì pín wọn sí agbègbè-agbègbè, kí ibi tí àwòrán ti ṣókùnkùn lè rẹ iná tirẹ̀ sílẹ̀ láìkan ibi tó mọ́lẹ̀. Bí agbègbè wọ̀nyí bá ṣe pọ̀ tó ni òkùnkùn á ṣe dúdú tó.

OLED ló yàtọ̀ pátápátá. Kò sí gílóòbù kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń mú àwòrán jáde ló ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì lè pa á tán. Nígbà tó bá pa á, ibẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹni tó bá wo fíìmù alẹ́ lórí rẹ̀ nínú yàrá tí iná ti kú kì í tètè gbàgbé. Síbẹ̀, èmi kì í sọ pé kí gbogbo ènìyàn ra OLED. Pálọ̀ tí wíńdò rẹ̀ gbòòrò, tí oòrùn ń wọ̀ láti àárọ̀, nílò ìmọ́lẹ̀ tó lágbára, Mini-LED tàbí QLED tó dára yóò sì bá a mu jù ú lọ. Ẹni tó jẹ́ pé ìròyìn ló ń wò láti àárọ̀ dalẹ́, tí àmì ilé iṣẹ́ náà kì í kúrò ní igun kan, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òjìji àmì náà lè lẹ̀ mọ́ ojú OLED títí láé.

Ìbéèrè: Bí mo bá ra 4K, ṣé gbogbo ohun tí mò ń wò ni yóò mọ́ kedere?

Ìdáhùn: Ojú tẹlifíṣọ̀n 4K ní ẹyọ 3,840 ní fífẹ̀ àti 2,160 ní gíga, àpapọ̀ wọn sì lé ní mílíọ̀nù 8, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin ti Full HD, irú tó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìkànnì tí dikódà ń gbé wá sílé wa kì í ṣe 4K. Tẹlifíṣọ̀n yóò kàn na àwòrán kékeré náà kó lè kún ojú rẹ̀ ni, ìkànnì tí kò mọ́ tẹ́lẹ̀ yóò sì tún hàn bẹ́ẹ̀ jù lọ lórí ínǹṣì 75. Láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni 4K gidi ti ń wá jù, owó détà sì ń bẹ nínú rẹ̀: Netflix fúnra rẹ̀ sọ pé 4K lè jẹ tó GB 7 ní wákàtí kan, àti pé ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sáré tó Mbps 15.

Ẹ ṣọ́ra fún páálí tí wọ́n kọ "4K support" sí. Ó lè túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà gba àwòrán 4K wọlé nìkan, nígbà tí ojú rẹ̀ kò ní tó ẹyọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 3840 × 2160 ni kí ẹ wá. Ní ti 8K, tí ẹyọ tirẹ̀ tún pọ̀ ju ti 4K lọ, mi ò rí ohun tí ẹ fẹ́ máa wò lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwòrán inú ṣọ́ọ̀bù máa ń dán ju ti ilé lọ?

Ìdáhùn: Nítorí pé fídíò tí wọ́n ṣe fún ọjà títà ni wọ́n ń fi hàn, òdòdó, ẹja aláwọ̀ mèremère àti ìlú tí iná rẹ̀ ń tàn, wọ́n sì ti gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òpin. Ẹ fi flash tiyín lọ, kí fíìmù kan tí ẹ mọ̀ dáadáa wà lórí rẹ̀, níbi tí ènìyàn dúdú wà nínú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n yí ipò àwòrán kúrò ní Vivid sí Cinema tàbí Movie. Bí awọ ara òṣèré bá rí bí awọ ènìyàn, tí ẹ sì rí ìrísí ojú rẹ̀ nínú òkùnkùn náà, ẹ̀rọ náà dára. Ẹ tún fi àwòrán funfun lásán hàn lójú rẹ̀, kí ẹ wá ẹyọ tó ti kú, tó máa dúró bí ojú kòkòrò dúdú kan.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wa. Ṣé yóò ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà?

Ìdáhùn: Kí ẹ̀gbọ́n yín wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó sanwó. Bí wọ́n bá kọ 100–240V síbẹ̀, iná wa kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, iná 230V tiwa yóò jó o lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àyàfi tí ẹ bá fi transformer sí i. Ìṣòro kejì ni pé ìlànà ATSC ni tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà fi ń gba ìkànnì orí afẹ́fẹ́, DVB-T2 sì ni tiwa, nítorí náà eríà kò ní mú ìkànnì kankan wá. Dikódà tí a fi wáyà HDMI so mọ́ ọn yóò ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Èyí tó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá sún mọ́ tiwa jù, nítorí iná wọn kò yàtọ̀ sí tiwa.

Ìbéèrè: Ṣé iná Nẹ́pà kò ní bà á jẹ́?

Ìdáhùn: Ìgbà tí iná bá lọ kọ́ ló léwu jù, ìgbà tó bá ń padà dé ni. Ẹ ra stabilizer tó dára, kí ẹ sì yọ tẹlifíṣọ̀n náà kúrò lára iná bí iná bá lọ tàbí bí òjò bá ń sán ààrá. Rìmóòtù tí a fi pa á kò yọ ọ́ kúrò lára iná. Ọ̀pọ̀ LED ínǹṣì 65 ń jẹ láàárín wáàtì 100 sí 200. Bátìrì inverter kan tó jẹ́ 12V 200Ah, tí a kò bá lò ju ìdajì rẹ̀ lọ, lè gbé wáàtì 150 fún bíi wákàtí 6, bí ohun mìíràn kò bá sí lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe gbé e délé?

Ìdáhùn: Lóòró, bó ṣe máa dúró lára ògiri. Àǹtí mi kan ra ínǹṣì 65 ní Èkó, ẹni tó gbé e lọ sí Abẹ́òkúta sì tẹ́ ẹ gbalaja sẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó gbé àpò ìrẹsì méjì lé e lórí. Páálí kò ní ọgbẹ́ kankan. A yọ ọ́, a fọwọ́ pa ojú rẹ̀, ó dán geere. Nígbà tí a tan án, ohùn jáde, àmọ́ ìlà pupa àti àwọ̀ ewé ta láti òkè dé ìsàlẹ̀, igun kan lápá ọ̀tún sì dúdú bí ẹni da yíǹkì sí i. Gíláàsì inú ló ti fọ́. Owó pánẹ́ẹ̀lì tuntun sún mọ́ iye tí wọ́n ra odindi tẹlifíṣọ̀n náà, Àǹtí kò sì rí ẹni tó máa san án fún wọn, nítorí wọ́n ti tan án níṣojú wọn ní ṣọ́ọ̀bù kó tó kúrò.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè sọ páálí rẹ̀ nù?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn fóòmù funfun inú rẹ̀ àti rìsíìtì, sórí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, títí gàràǹtì yóò fi parí.