Bí olùkọ́ yunifásítì ṣe ń di purofẹ́sọ̀ ní Ìlọrin àti agbègbè ẹ̀

Purofẹ́sọ̀, tí àwọn míì ń pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n, ni ipò tó ga jù tí olùkọ́ lè dé ní yunifásítì, àti Unilorin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975 o, àti KWASU ní Malété, àti Landmark ní Òmù-Àrán, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà débẹ̀ jọra wọn gan-an bó tilẹ̀ jẹ́ pé kálukú ló ní ìlànà tiẹ̀. NUC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, kọ́ ló ń sọ èèyàn di purofẹ́sọ̀, káńsù yunifásítì fúnra ẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ẹ̀, ló ń fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀ pátápátá, Graduate Assistant ni wọ́n á kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, kó tó wá kan purofẹ́sọ̀. Ó sábà máa ń tó ọdún mẹ́ta lórí ipò kan kí wọ́n tó lè gbé èèyàn lọ sí òmíì, torí náà ẹni tó ti ní PhD tó sì bẹ̀rẹ̀ ní Lecturer II máa lo ọdún 12 ó kéré tán, ìyẹn tí nǹkan kan ò bá dá a dúró. Fún àwọn dókítà tó ń kọ́ni ní ilé ìwòsàn yunifásítì, fellowship, ìyẹn ìwé ẹ̀rí àwọn dókítà onímọ̀ pàtàkì, ṣe pàtàkì.

Ọdún nìkan ò tó ṣá. Wọ́n máa ń wo bí èèyàn ṣe ń kọ́ni, ìwádìí tó ṣe, àti iṣẹ́ tó ṣe fún yunifásítì àti ìlú, àmọ́ pépà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde, ló wúwo jù nínú gbogbo ẹ̀. Wọ́n á ka iye ẹ̀, wọ́n á wo jọ́nà tó ti jáde, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń tẹ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ sí, bóyá ó wà nínú Scopus, àkójọ àwọn jọ́nà àgbáyé tí wọ́n ti yẹ̀ wò, bóyá ilẹ̀ òkèèrè ni àbí ilé níbí. Wọ́n tún máa ń wo ipò orúkọ: bí èèyàn márùn-ún bá jọ kọ pépà kan, máàkì ẹni tí orúkọ ẹ̀ ṣíwájú máa ń pọ̀ ju ti ẹni tó gbẹ̀yìn lọ. Àwọn jọ́nà kan wà tó jẹ́ pé owó lásán ni wọ́n ń gbà, ẹ sanwó lónìí, pépà á jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láìsí ẹni tó kà á dáadáa, irú ẹ̀ sì lè ba gbogbo fáìlì jẹ́. Ibi tó ń dunni jù ni ti àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí èdè àti àṣà wa, torí jọ́nà tó ń gba pépà tí wọ́n fi Yorùbá kọ kì í sábà sí nínú Scopus, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, ó yẹ kí ìlànà rántí wọn.

Fáìlì náà á ti dipátímẹ́ǹtì lọ sí fákọ́tì, á wá dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìgbanisíṣẹ́ àti ìgbéga tí VC, ọ̀gá àgbà yunifásítì, ń darí. Tí wọ́n bá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á yan àwọn purofẹ́sọ̀ láti yunifásítì míì, mẹ́ta lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n jọ wà nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan náà, wọ́n á kó àwọn pépà ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, olùkọ́ náà ò sì gbọ́dọ̀ mọ àwọn tó ń ka iṣẹ́ òun. Kálukú wọn á kọ èsì: kí ni iṣẹ́ yìí fi kún ìmọ̀, ṣé ẹni tó kọ ọ́ tó purofẹ́sọ̀ àbí kò tíì tó? Ibí ni ìdádúró ti ń pọ̀ jù, torí àwọn tó ń kà á náà níṣẹ́ tiwọn lọ́wọ́, ẹlòmíì sì lè dúró ju ọdún kan lọ. Ohun tó ń tu èèyàn nínú ni pé tó bá jáde, wọ́n sábà máa ń kà á láti October 1 ọdún tí ìgbéga náà tọ́ sí i.

Lẹ́yìn náà ni inaugural lecture, níbi tí purofẹ́sọ̀ tuntun ti máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ ayé ẹ̀ fún gbogbo ìlú, ti Unilorin sì ti lé ní 200. Láti 2012, òfin ti gbà kí purofẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ títí di ọmọ 70 ọdún, torí náà ẹni tó bá débẹ̀ ní 50 ṣì ní 20 ọdún tó lè fi tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD.